Edé Tí Mo Lọ̀ Sínú Oúnjẹ Ìyá Kírítì

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹrù kan wà lórí mi tí mi ò rí ẹni bá mi sọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rù ú kiri, mo sì ń fi ẹ̀rín bò ó. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí ni pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá dúró nínú ilé ìdáná wa ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí n lè kọ́ ọ ní oúnjẹ tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ti ra ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Àgbà ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdáná ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé girama ní Iléṣà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló kó bá mi.

Nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí, ọmọ mi obìnrin, Fúnmi, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Richmond níbí, lẹ́bàá Houston. Ó ní, "Mummy, kí lẹ fẹ́ máa dá ṣe nílé? Ẹ wá sinmi." Ìsinmi wo? Ilé gbàràmù, yàrá rẹpẹtẹ, kò sí ènìyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Fúnmi ti wà lórí freeway, ó ń lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní daycare. Oòrùn ìta ń yan ènìyàn bí ẹni ń yan àgbàdo. Mo lè jókòó látàárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí mi pé ẹ káàárọ̀. Ilé tò lọ bí eyín, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló wà ní títì. Wọ́n ní ìsinmi nìyẹn.

Ìyá Kírítì ló kọ́kọ́ kí mi. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, mò ń bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn ọgbà onípákó tó là wá láàárín, irú ikọ́ tí àgbà máa ń wú tó bá fẹ́ kó o mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo wò, mo rí obìnrin kúkurú kan tó wọ aṣọ funfun, ọmọ Íńdíà. Ọmọ-ọmọ ló wá tọ́jú. Kírítì ni ọmọ rẹ̀ tó ni ilé náà. Opó ni òun náà, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì sì ni òun náà gbin ewébẹ̀ tirẹ̀ sí.

Gẹ̀ẹ́sì tèmi ti tíṣà ni, tirẹ̀ ti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Ó ń pè mí ní Ben, ìyẹn arábìnrin lédè tiwọn. Èmi ń pè é ní Ìyá Kírítì bí a ṣe ń pe èèyàn nílé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Òun ló bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ó gbé nǹkan kan wá tí wọ́n ń pè ní dókílà. Ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀, wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀, wọ́n wá fi ooru omi sè é títí tó fi wú bíi kànrìnkàn, wọ́n sì da òróró gbígbóná àti ata tútù lé e lórí. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ínmọ́ín ni! Mọ́ínmọ́ín tó lọ sí ìdálẹ̀ tó lọ yí orúkọ padà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fún mi lóúnjẹ. Nígbà tí òtútù àkọ́kọ́ mú mi níbí, tí mi ò lè gbórí sókè, tí Fúnmi wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin yìí gbé ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ wá, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ata ilẹ̀ ń ta nínú rẹ̀. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́. Ó kàn ń wo ṣíbí bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló ṣe ìyẹn fún mi rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú?

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, abọ́ aládùúgbò kì í padà lófìfo. Nítorí náà, mo se mọ́ínmọ́ín tèmi. Mo fi ẹyin sí i, mo fi ẹja sí i, mo gbé e lọ. Ìyá Kírítì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹríba, kò gbà á. Ó ní, "Ben, má bínú. Ohun tó bá ti ní ìyá, mi ò kì í jẹ ẹ́. Ẹran, ẹja, ẹyin, kò sí èyí tó tíì kan ẹnu mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ó dáa. Mo se ìrẹsì. Ó béèrè omi tí mo fi sè é. Omi ẹran ni. Mo gbé e padà. Mo ro ẹ̀fọ́. Ó wo inú abọ́, ó rí pọ̀nmọ́, ó pa ọwọ́ pọ̀. Mo gbé e padà. Nígbà tó yá mo dín dòdò, ó gbà á, ó sì dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi dòdò yangàn? Ọmọ ọdún mẹ́wàá á dín dòdò. Ṣé dòdò ni kí tíṣà ìdáná fi san oore ẹni tó jókòó tì í lórí àìsàn?

Fúnmi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí. Ó ní, "Mummy, wọ́n ń fún yín lóúnjẹ, ẹ̀yin náà ẹ máa gbà á. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo ní, "O ò lè mọ̀. Inú máíkíróweefù lo ti ń jẹun."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o. Ẹ sọ fún ìyá olóhun-tó-ní-ìyá pé kó wá jẹ koríko."

Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà jù, àti pé mo ti rẹ́rìn-ín.

Mo wá se mọ́ínmọ́ín tí kò ní nǹkan kan nínú: ata, àlùbọ́sà, òróró, iyọ̀, ó parí. Mo tọ́ ọ wò. Páálí ni. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá gbé irú ẹ̀ wá síwájú mi lọ́jọ́ ìdánwò, mo máa ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá. Ẹ máa sọ pé kí ló dé tí mi ò fi irú sí i. Mo fi í sí i! Fúnmi wọlé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó ní ṣé gáàsì ń jò ni.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú ló bí mi. Ó bí mi sí oúnjẹ, ó bí mi sí ilẹ̀ tí mo wà, ó bí mi sí obìnrin tó lè fún mi tí èmi ò lè fún. Mo na ọwọ́ sókè, mo gbé ìgò edé.

Ẹ má sọ pé bóyá mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo lọ edé yẹn, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, mo tún un lọ̀ kí ojú má baà rí i, kí eyín má baà pàdé ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ̀ kì í jọ nǹkan tó báyẹn. Edé ní ìyá, mo mọ̀ pé ó ní ìyá.

Mo gbé e lọ sẹ́yìn ọgbà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ben, ṣé kò sí ohun tó ní ìyá nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá." Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mo tún fi kún un, mo ní, "Ẹ̀wà lásán ni."

Ó bù ú jẹ lórí ìdúró. Ó dijú. Ó tún bù ú. Ó ní, "Ben, láti ìgbà tí bàbá Kírítì ti lọ, ẹnu mi ò mọ adùn oúnjẹ mọ́. Kí lo ṣe sí ẹ̀wà yìí?"

Ẹ̀yin ará mi, inú mi dùn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò bẹ̀rù, ojú ò tì mí. Mo rìn wọlé bí ẹni tí wọ́n fi joyè, mo sì kọrin nígbà tí mò ń fọ ìkòkò.

Báyìí ló ṣe di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun á gbé tirẹ̀ wá, èmi á gbé tèmi lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìyẹ̀fun lásán ni, pé kò tó ohun tí eṣinṣin lè gbé. Títí di ọjọ́ tí mo wọ ilé wọn láti bá a ká aṣọ. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ilé ìdáná wọn ni ó ṣe ibi àdúrà rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwòrán, fìtílà kékeré àti òdòdó. Mo rí abọ́ pẹlẹbẹ kan níwájú àwòrán náà. Mọ́ínmọ́ín mi ló wà nínú rẹ̀, ó gé e ní onígun mẹ́rin, ó tò ó dáadáa. Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í jẹ ẹ́ kí Ọlọ́run tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Aládùúrà ni mí, ẹ̀sìn èmi àti òun yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ ọrẹ. Mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kéèyàn wẹ̀ kó tó gbé nǹkan síwájú Ọlọ́run. Obìnrin yìí wẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó tan fìtílà, ó wá gbé irọ́ mi kalẹ̀ níbẹ̀.

Mo pinnu pé mo máa dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo se é láìsí edé. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ben, ṣé ara rẹ ò yá? Ọwọ́ rẹ ò sí nínú tòní."

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní àlùbọ́sà ilẹ̀ yìí ni kì í ta. Àlùbọ́sà! Mo wá ní mi ò ní se é mọ́ rárá, pé orúnkún ń dùn mí. Ó dé pẹ̀lú òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pa mí lẹ́sẹ̀, ó wá rọra béèrè pé, "Ben, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo padà sídìí ìgò edé.

Mo sọ ọ́ fún Fúnmi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà á.

"Mummy, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá. Lọ́yà pọ̀ ní Houston yìí ju ẹ̀fọn lọ."

Mo ní, "Ta ló ń sọ ti lọ́yà? Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ọ̀rẹ́ yín ni. Ṣé Kírítì náà ọ̀rẹ́ yín ni? Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, jàre. Edé mà ni, kì í ṣe májèlé."

Mo lọ bá ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí mo rò pé ó máa bá mi wí. Ó gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́, ó ní, "Ìwọ náà! Kèfèrí ni. Ohun tó ń bọ kì í ṣe Ọlọ́run, báwo lo ṣe wá ṣẹ Ọlọ́run?" Inú bí mi, mo dìde, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi dùbúlẹ̀ àìsàn, kèfèrí ló bọ́ mi. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, orí fóònù lẹ ti kí mi.

Ẹ má sì wulẹ̀ pa òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún fún mi o. Èmi ni mo máa ń pa á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo lè máa bá a lọ báyìí títí ikú á fi mú ọ̀kan nínú wa. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Kírítì wá, ó dijú pọ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun ń padà sí Íńdíà. Kì í ṣe pé ó ń lọ kí wọn kó padà wá. Ibùdó kan wà létí odò kan níbẹ̀, tí àwọn opó àgbàlagbà ti máa ń lọ fi ìyókù ọjọ́ ayé wọn sin Ọlọ́run. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó ní púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ni kò léyín mọ́, pé mọ́ínmọ́ín mi rọ̀, pé òun fẹ́ máa sè é fún wọn. Ó ní kí n kọ́ òun kí òun tó lọ. Òun fẹ́ dúró tì mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ó ní, "Ben, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ mú lọ bá Ọlọ́run. Mi ò kàwé, mi ò kọ́lé. Ẹnu mi nìkan ni mo tọ́jú ní mímọ́ láti kékeré. Mo fẹ́ gbé e lọ bó ṣe wà."

Mo ní, "Àmín." Ẹ gbọ́ mi? Mo ṣe àmín sí i.

Ẹ wá wo ibi tí mo wà. Tí mo bá kọ́ ọ láìsí edé, ahọ́n rẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe òun nìyí. Yóò rò pé mo fi àṣírí ọwọ́ mi pamọ́ fún òun lọ́jọ́ ìdágbére, bíi àwọn ahun tó ń kọ́ni ní ọbẹ̀ tí wọ́n ń yọ nǹkan kan kúrò. Yóò lọ pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Ó ṣì sàn. Ó sàn ju kó mọ̀ lọ.

Àbí kò sàn? Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ẹ̀sìn tiwọn náà á ní ìwẹ̀nùmọ́. Bóyá omi kan wà tí wọ́n máa ń wẹ̀, bóyá ààwẹ̀ kan wà. Tí mi ò bá sọ fún un, mo ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Á lọ dúró létí odò náà, kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun bọ́ sínú rẹ̀.

Tí mo bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ẹrù á kúrò lórí mi, á bọ́ sórí tirẹ̀. Èmi á sùn, òun ò ní sùn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ní, màá fọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ara lè tu èmi. Ṣé ìjẹ́wọ́ nìyẹn, àbí ẹ̀ṣẹ̀ kejì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ti gbàdúrà. Ẹ má sì sọ fún mi pé edé kékeré ni. Mo ti sọ ìyẹn fún ara mi títí ó fi sú mi. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ju ọ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ ẹnu tiyín ni, tó jẹ́ òun nìkan lẹ ní láti gbé lọ bá Ẹlẹ́dàá yín, tí ọ̀rẹ́ yín sì ti bà á jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ṣé ẹ máa fẹ́ kó sọ fún yín?

Ẹ dá mi lóhùn kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Tí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, mi ò ní dúró dìgbà tí a bá gbé ìkòkò kaná. Ẹnu ọ̀nà ni màá ti sọ ọ́, kó tó bọ́ bàtà, kó lè rí ọ̀nà bá padà sílé rẹ̀.